Ìlú Tí Kò Gba Ààbọ̀ Ìròyìn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi ti ìsàlẹ̀ odò bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kò sì nù ún, ó dá lórí Òkété abiyamọ, Akàn etí odò àti Lékèélékèé aláṣọ funfun.

Ẹ sún mọ́ ibí. Morádékẹ́, fi iná yẹn sílẹ̀. Bí orin bá dé, ẹ bá mi gbè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Òkété jí, ó bá omi nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó dà á sílẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti ń sun, ṣíì, ṣíì, ó ń rẹ ìdí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni, wọn ò tíì lajú. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ kó wọn kúrò, kì í ṣe ọ̀la. Ibo ni kó kó wọn lọ? Òkété ló gbẹ́ ihò yí gbogbo ìlú ká, ó mọ̀ pé ibi méjì péré ni ilẹ̀ ṣì gbẹ: orí ògán lápá ìwọ̀-oòrùn, kò jìnnà; àti òkè ọba lápá ìlà-oòrùn, ibẹ̀ jìn. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí omi máa gbà wọlé, kò sì mọ ìgbà tó máa dé.

Ẹ ó ní kó lọ pariwo. Ẹ dúró ná. Ìlú yẹn ní òfin. Erin ni ọba wọn. Lọ́dún kan, ẹnì kan sáré wá sọ fún un pé omi ń bọ̀. Gbogbo ìlú ru ẹrù, omi ò dé. Inú bí Erin. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹ má gbé ààbọ̀ ìròyìn wá bá mi mọ́. Ẹni tó bá mú odindi wá, ibi tí omi ń gbà bọ̀, ìgbà tó máa dé, ibi tí a máa sá sí, màá fún un nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òkè. Ẹni tó bá mú ààbọ̀ wá, a ó fi ẹrẹ̀ kùn ún lójú, a ó sì fà á yí ọjà ká."

Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nìyẹn, bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ fún ajá.

Òkété lọ bá Akàn. Akàn wà létí odò, ó ń wo òkúta ìfọṣọ. Omi ti pọ́n, ó ń hó lórí òkúta. Akàn mọ̀ pé bí omi bá ti bo òkúta yẹn lórí, kò ní kọjá ìrọ̀lẹ́ tó máa wọ ìlú. Omi sì ti bò ó. Òkété gbé orin:

Bàbá Alákàn, kí lẹ rí?
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀
Ẹ sọ fún mi kí n gbọ́ o,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀
Ọmọ ń bẹ nílé, kò lajú,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀
Oòrùn ń lọ, ọ̀nà jìn o,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀

Akàn ní, "Ìyá ọlọ́mọ, kí ló lé ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?"

"Kò sí o. Mo kàn ń na ẹsẹ̀ ni."

"Èmi náà, mo kàn ń wẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fojú ṣọ́rí, ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan?"

"Mo rí ìdí ẹ tó tutù." Akàn bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tọ̀ sí ẹ lára?"

Òkété bá tiẹ̀ lọ.

Ó lọ bá Lékèélékèé lórí igi. Lékèélékèé ti fò dé òkè odò. Ó ti rí i pé bèbè já, pé omi ń gba inú igbó ìwọ̀-oòrùn bọ̀ wá sẹ́yìn ìlú. Òkété tún gbé orin. Ẹ gbè é!

Ẹyẹ funfun, kí lo rí?
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀
Ọmọ ń bẹ nílé, kò lajú,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀

"Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá mi. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀, kí n sọ tèmi."

"Ìwọ kọ́kọ́ sọ."

"Rárá o. Ẹ̀yin làgbà."

"Kí n sọ ọ́, kó o fò lọ sọ́dọ̀ ọba ṣáájú mi? Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Ó dáa. Kí kálukú di tiẹ̀ mú." Fìrrr! Ó ti lọ.

Òkété dé ẹnu ọ̀nà Erin. Ó tún gbé orin:

Kábíyèsí, ẹ gbọ́ tèmi,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀
Ọmọ ń bẹ nílé, kò lajú,
Tẹ̀rẹ̀ wẹ̀lẹ̀

Erin yọjú. "Odindi ni, àbí ààbọ̀?"

Òkété wo ẹrẹ̀ tí wọ́n pò sínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mo kàn wá kí yín ni, Kábíyèsí."

Ó padà sílé. Oòrùn ti ń wọ̀. Èyí tó sún mọ́ ló mú, ó ń kó ọmọ lọ sórí ògán. Ó gbé àkọ́kọ́, ó padà. Ó gbé èkejì, ó padà. Ó gbé ẹ̀kẹta sẹ́nu, ó jáde. Gbùrùrùrù! Wùùù! Omi ya láti ìwọ̀-oòrùn, ó gbé ògán àtohun tó wà lórí ẹ̀ mì.

Ẹ má gbè é mọ́. Kò sí orin níbẹ̀.

Àwọn tó yè rá gòkè ọba. Akàn dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já. Lékèélékèé dé, ìtẹ́ rẹ̀ ti lọ tẹyintẹyin. Òkété lúwẹ̀ẹ́ dé, ọmọ kan lẹ́nu.

Erin ké, "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo yín ni?"

Akàn ní, "Mo mọ ìgbà tó máa dé."

Lékèélékèé ní, "Mo mọ ibi tó ń gbà bọ̀."

Òkété gbé ọmọ sílẹ̀. "Mo mọ ibi tó gbẹ."

Odindi nìyẹn. Láti àárọ̀ ló ti wà nínú ìlú, kálukú jókòó lé tiẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá sọ?"

"Mo wá, Kábíyèsí," ni Òkété wí. "Ẹ bi mí bóyá odindi ni."

Akàn bu ẹrẹ̀ lára ara rẹ̀, ó gbé e síwájú ọba, ó sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa rèé: bó o bá rí díẹ̀, sọ díẹ̀, kó o sì sọ ọ́ kíá. Ẹni tí ò mọ̀ tán ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu, torí ẹnu ẹlòmíràn ni ìyókù wà. Ẹni tó bá sì ń ṣàkóso, kó má po ẹrẹ̀ de ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ bọ̀.

Bí àlọ́ mi bá ní irọ́ nínú, kí omi wá mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, agbada ẹrẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà Erin. Bí odò bá pọ́n díẹ̀, Akàn á sáré wá sọ. Bí Lékèélékèé bá rí ìkùukùu, á ké. Òkété á sọ ibi tó gbẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Òkété ní.