Gààrí Tó Wú Kò Mọ Ihò

"Gààrí tó wú kò mọ ihò." Ní Ìṣàn-Odò, tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé kí ni gààrí ń wá nínú ihò, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ yóò fi dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Kì í ṣe ilé ìdáná ló ti wá. Inú ọkọ̀ ni.

Tíṣà Olúfọwọ́bí ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbídùn, ògbóǹtarìgì nídìí gààrí yíyan, kò ríran dáadáa mọ́. Oṣù méje ni wọ́n fi retí iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò padà sẹ́yìn ìlà. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíétọ̀ ọkọ̀ Pijó tí Tíṣà fẹ́ fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyẹn àpò irin tí omi ń gbà yí kiri kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù, bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó wà nílùú ti lọ sìnkú. Tíṣà pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.

Làmídì, awakọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, yọjú.

"Tíṣà, ìwé lẹ kà, ẹ ò ka ọkọ̀. Ẹ bu gààrí ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Yóò wú, yóò dí ihò pa. Bí a ti ń ṣe é lójú ọ̀nà Òkè-Ọya nìyẹn."

Tíṣà rò ó wò. Gààrí a máa wú nínú omi: òótọ́ ni. Ohun tó bá wú a máa dí ihò: òótọ́ ni. Kò rí àbùkù kankan nínú àlàyé náà, ó sì bù ú sí i. Jíjò náà dáwọ́ dúró! Pẹ̀lú ìdùnnú ló wa ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. Kò tíì dé ìsọ̀ àwọn alápatà tí èéfín funfun fi bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ó pa á kí ó tó jóná, àwọn èèyàn sì bá a ti ọkọ̀ náà délé.

Nígbà tí Ìyá Ìbídùn gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù Ọjọ́bọ̀ ń bà á.

"Bàbá Ìbídùn! Gààrí tèmi? Gààrí tó wú kò mọ ihò o! Ibi tí omi ń gbà, ihò ni. Ibi tó ń jò, ihò ni. Ta ló sọ èyí tí yóò dí fún un?"

"Gààrí rẹ ló dára jù," Tíṣà dáhùn, ojú ń tì í. "Ká ní ti ẹlòmíì ni, bóyá ì bá má wú tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má pọ́n mi lé. Ẹ tú u wá."

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tán, Tíṣà tú rédíétọ̀ náà, ó ń ti ìsàlẹ̀ da omi sí i títí gààrí fi jáde tán. Wọ́n rì í sínú ọpọ́n omi. Tíṣà dí ẹnu rédíétọ̀ náà kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí èkejì. Ojú Ìyá Ìbídùn kò lè rí ìfóòfó tó ń jáde níbi tó ń jò, ṣùgbọ́n ìka tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú gààrí kò fọ́jú. Ó fi wọ́n tọ ara irin náà díẹ̀díẹ̀.

"Ìhín nìyí. Ó ń fẹ́ sí mi níka."

Tíṣà ha ojú ibẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó fi gọ́ọ̀mù irin dí ibẹ̀ nìkan, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè gan, kí ó tó dá a padà sínú ọkọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ilé ìwòsàn tó ṣílẹ̀kùn, àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìbídùn ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, bí olórí ilé bá fẹ́ na gbogbo ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ti odindi ọjà pa nítorí olè kan, àwọn àgbà a rọra sọ pé gààrí tó wú kò mọ ihò. Wọn kò ní kí a má ṣe àtúnṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ fọwọ́ wá ojú ibi tó ń jò, kí a tó mọ ohun tí a ó dí.