Orúkọ Mẹ́fà fún Àwẹ̀ró

Wọ́n ní, “A fún aláròyé lórúkọ mẹ́fà, a kò fún un lésì kan.” Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á béèrè pé, kí ni aláròyé ń fi orúkọ mẹ́fà ṣe? Ìlú Ìgbó-Ẹ̀dan ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, inú sì ń bí mi sí i títí di òní.

Amọ̀kòkò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Lọ́dún kan, Olóyè Ọ̀tún fi ọgbà yí oko obì rẹ̀ ká, ó sì gbé ọgbà náà gba orí ọ̀nà odò. Ni àwọn obìnrin bá ń gba orí àpáta lọ pọnmi, àpáta tó ń yọ̀ bí ilá.

Àwẹ̀ró tọ Ọ̀tún lọ, ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà odò tí ẹ dí ni mo bá wá. Àpáta yẹn máa ṣe èèyàn léṣe.”

Ọ̀tún kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Oníkanra! Ṣé ìwọ nìkan lò ń pọnmi ni?”

Ó padà lọ lọ́jọ́ ọjà, Ọ̀tún pè é ní aláròyé. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó di òṣónú. Dípò kí ará ìlú wo àpáta, ẹnu Àwẹ̀ró ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà ní aláìtẹ́lọ́rùn ni. Àwọn ọkùnrin ìdí ayò ń pè é ní Akùn-bí-oyin. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gun àpáta náà gan-an sọ ọ́ ní Ìyá Fajúro! Ẹ̀yin èèyàn, irú kí lèyí?

Nígbà tí òjò dé, Ìbídùn, ìyàwó tuntun tó lóyún oṣù méje, yọ̀ ṣubú níbẹ̀ tòun ti ìkòkò omi lórí. Oyún bàjẹ́, egungun itan dá.

Ìlú pé jọ. Ọ̀tún dìde, ó ń mirí. “Irú nǹkan báyìí! Kí ló dé tí ẹnì kankan kò sọ fún wa?”

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ náà, kò kúnlẹ̀.

“Mo sọ fún yín, Bàbá. Orúkọ mẹ́fà ni mo gbà nílùú yìí. Èsì kan péré, n kò rí i gbà.”

Ọ̀tún la ẹnu, kò rí orúkọ keje pè. Àwọn obìnrin kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọjá sídìí ọgbà náà, wọ́n fà á tu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbídùn kò rí ọmọ bí mọ́, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí ó fi darúgbó.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wá sọ ohun tó ń dùn ún, tí ìwọ sì ń ronú orúkọ tí o máa pè é, ìwọ ni wọ́n ń bá wí: a fún aláròyé lórúkọ mẹ́fà, a kò fún un lésì kan.