Ìdí Tí A Fi Ń Tú Ọsán Ọrun Nílé

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ń dá ènìyàn lóhùn, kò sí ẹni tí ó lè gé ẹ̀ka kan láì kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Bí igi bá ní òun kò fẹ́, onítọ̀hún yóò gbé àdá rẹ̀, yóò máa lọ.

Àgbẹ̀ kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Ọdẹ́kúnlé. Ó ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró, ó sì ní oko àgbàdo kan lẹ́bàá igbó. Ohun tí kò ní ni ìsinmi, nítorí Ọ̀bọ àti ìdílé rẹ̀ ń gbé nínú igbó náà, wọ́n sì fẹ́ràn àgbàdo ju Ọdẹ́kúnlé fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tó ṣáájú, Ọ̀bọ kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ lóko. Ebi lé Ọdẹ́kúnlé àti Àwẹ̀ró dé ilé àna, wọ́n sì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni Ọdẹ́kúnlé kò fi jẹun yó. Bí ó bá bu òkèlè ńlá, ojú a tì í. Bí ó bá bu kékeré, ìyá ìyàwó rẹ̀ a ní, "Ṣé ọbẹ̀ wa kò dùn ni, ọkọ wa?"

Ó búra pé òun kò ní gbé ikùn òfo dé ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí àgbàdo ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ sí yọ irun, ó pinnu láti ṣe ọrun tí yóò fi lé Ọ̀bọ.

Kì í ṣe ọrun lásán ni ó fẹ́. Ó fẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn yóò máa bèèrè igi tí a fi ṣe é. Ọ̀dọ̀ Ìrókò ni ó kọ́kọ́ lọ.

"Bàbá Ìrókò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀ka kan, mo fẹ́ fi ṣe ọrun."

"Mú un," ni Ìrókò wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, èmi kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọdẹ́kúnlé gbẹ́ ẹ títí. Ó so ọsán mọ́ ọn, ìyẹn okùn awọ tí a fi ń ta ọfà, ó sì fà á. Ọrun kò tẹ̀. Ọdẹ́kúnlé ni ó tẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Àwẹ̀ró fi ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́yìn.

Ó tún lọ bá Àràbà. Inú Àràbà dùn láti yọ̀ǹda ẹ̀ka kan. Ẹ̀ka náà fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́kúnlé ti fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó kán sí méjì.

"Má bínú," ni Àràbà wí. "Mo tóbi lóòótọ́. N kò sọ fún ọ pé mo le."

Àwẹ̀ró ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ewúrẹ́ kan ń yọ́ bọ̀ síbi èèpo iṣu. Àwẹ̀ró fi pàṣán ọwọ́ rẹ̀ lé e, ewúrẹ́ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Baálé mi," ni ó wí, "àwọn igi ńláńlá nìkan ni ẹ ń kí kiri. Pàṣán àtòrì yìí ńkọ́? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, yóò tún nà."

"Àtòrì? Èyí tí o fi ń na ewúrẹ́? Kí n wá gbé e kọ́ èjìká láàárín ẹgbẹ́ mi?"

"Ó dára. Ṣé kí n máa di ẹrù wa lọ sílé àna yín?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ọdẹ́kúnlé fi gbé àdá.

Ẹ̀yìnkùlé ni Àtòrì wà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga ju òrùlé lọ. Ọdẹ́kúnlé kò tilẹ̀ kí i. "Ìwọ Àtòrì, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe ọrun."

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá," ni Àtòrì dáhùn. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má hú mi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ fi kùkùté sílẹ̀, n ó tún hù. Ohun kejì nìyí: iṣẹ́ títẹ̀ yìí ń rẹni. N ó tẹ̀ fún yín lóko, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti délé, ẹ tú ọsán kúrò lára mi, kí èmi náà na ẹ̀yìn."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," ni Ọdẹ́kúnlé wí. Ó ti ń gé e kí Àtòrì tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó bó èèpo rẹ̀, ó fi í sórí àjà lókè iná títí ó fi gbẹ, ó fi àdín pa á, ó so ọsán mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé e dé oko, ọfà gba ẹ̀gbẹ́ etí Ọ̀bọ kọjá, ó sì gún ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bọ tu gbogbo àgbàdo tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dànù kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́ láti sá.

Ni Ọdẹ́kúnlé bá bẹ̀rẹ̀ sí gbéra ga. Ó gbé ọrun ti ẹnu ọ̀nà, tòun ti ọsán lára rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè rí bí ó ti rí rèǹtè-rente. Bí wọ́n bá bèèrè igi tí ó fi ṣe é, a wúkọ́ díẹ̀, a ní, "Igi àtọ̀húnrìnwá ni."

Ní ọjọ́ kejì, ọrun náà pè é jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ̀yìn mi o."

"Mú sùúrù, àlejò ń bọ̀ lọ́la."

Ó tún pè é ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin. Ní ọjọ́ kẹfà, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọdẹ́kúnlé rò pé ó ti mọ́ ọn lára.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Àwẹ̀ró sáré dé láti oko. "Baálé mi, wọ́n ti dé! Tìyá-tọmọ ni wọ́n kó ara wọn wá!"

Ọdẹ́kúnlé gbé ọrun, ó di oko. Ọ̀bọ jókòó sórí ebè, ó ń bó àgbàdo. Ọdẹ́kúnlé fa ọsán, ó jù ú sílẹ̀. Ọfà náà fò bí adìẹ tó sanra, ó sì balẹ̀ níwájú ibi tí ó dúró sí. Ó ta òmíràn. Ìyẹn kò tilẹ̀ dé ibi tí ti àkọ́kọ́ dé.

Ọ̀bọ rọra dìde. Ó ṣa ọfà méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn fún un bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

"Bàbá olóko, nǹkan yín bọ́."

Gbogbo ìdílé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ìdajì oko lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yó, Ọ̀bọ juwọ́ sí i. "Ẹ bá wa tọ́jú ìyókù o. Ọjọ́ ọjà la ó padà wá kó o."

Ọdẹ́kúnlé tú ọsán. Ọrun kò nà. Ó ká kò bí ẹ̀yìn arúgbó.

Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀mùnú mẹ́ta ti yọ lára kùkùté, wọ́n sì ti ga, nítorí igi ayé ìgbà náà kì í pẹ́ dàgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Ewúrẹ́ dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ń bá Àtòrì sọ̀rọ̀ bí àgbà.

"Èmi kọ́ ni ẹ ń wá," ni Àtòrì wí. "Mo gbọ́ pé igi àtọ̀húnrìnwá ni ẹ ń lò."

"Ẹ̀yìnkùlé mi yìí ni ẹ ti wá. N ó sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn."

"Ẹ sọ ọ́ báyìí kí n gbọ́."

Ọdẹ́kúnlé dìde, ó kọjú sí ọ̀nà, ó sì ké sí àwọn tí ń kọjá, "Àtòrì ni o! Àtòrì ẹ̀yìnkùlé, èyí tí a fi ń na ewúrẹ́!" Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró, ó di ògiri mú kí ó má baà ṣubú.

"Ẹ gé èyí tó wà láàárín," ni Àtòrì wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi mọ síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín, ẹ kò gbọ́ tèmi. Láti òní lọ, bí ẹ bá fi ọsán sílẹ̀ lára mi nílé, n kò ní wí nǹkan kan. Oko ni ẹ ó ti mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àwẹ̀ró kò fi jẹ́ kí iná kú lábẹ́ àjà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Ọ̀bọ àti ìdílé rẹ̀ bá Ọdẹ́kúnlé lóko. Igi gbọọrọ kan ló mú dání, ọsán sì wà ní àpò rẹ̀.

"Háà, bàbá olóko!" ni Ọ̀bọ wí, ó ti ya àgbàdo kan. "Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni ẹ mú wá lónìí? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé orúnkún ni?"

Ọdẹ́kúnlé yọ ọsán láti inú àpò. Ó fi ẹsẹ̀ ti igi náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó so ọsán, ó ta. Ọfà gba àgbàdo lọ́wọ́ Ọ̀bọ, ó sì kàn án mọ́ ọ̀pẹ. Ọ̀bọ wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó wo àgbàdo lára ọ̀pẹ. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́.

Ní ọdún yẹn, agbọ̀n àgbàdo ńlá ni Ọdẹ́kúnlé rù lọ sílé àna. Òkèlè tí ó bù níbẹ̀ tó orí ọmọ tuntun, ojú kò sì tì í.

Àwọn igi yòókù gbọ́ ohun tí Àtòrì wí, wọ́n sì bá a pa ẹnu mọ́: láti ọjọ́ náà ni igi kì í ti í dá ènìyàn lóhùn mọ́, tí àtòrì sì ń hù láti ara kùkùté rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó mọ ọrun lò ti ń tú ọsán rẹ̀ bó bá ti wọlé, tí yóò gbé e kọ́ ògiri kí ó na ẹ̀yìn. Bí ìwọ náà bá sì pàdé ọ̀bọ létí oko, tí o mú igi lásán dání, wò ó dáadáa. Kò ní kọ́kọ́ sá. Yóò na ọrùn, yóò tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ: ó fẹ́ mọ̀ bóyá igi yẹn yóò tẹ̀.