Ẹ̀kúnwọ́ Mẹ́ta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí oorun ti ń kùn yín? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Àlọ́ mi dá gbìrìgìdì, ó já lu Àwẹ̀ró àti Ẹkùn.

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà tó máa ń se bàbá dúdú, adídùn tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà sè. Àwẹ̀ró nìkan ni ọmọ tó bí.

Lọ́jọ́ kan, ó ń gba inú igbó bọ̀ láti oko, ni Ẹkùn bá dì í mú. Obìnrin náà yára tú bàbá dúdú kan ní etí aṣọ rẹ̀, ó jù ú sí Ẹkùn lẹ́nu. Ẹkùn rún un, ó lá ètè.

Ó ní, "Ìyàwó mi bímọ, òní la ó sọ ọ́ lórúkọ. Kí ọmọ rẹ se irú èyí wá kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá rí bákan náà, wàá lọ sílé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ la ó fi se ọbẹ̀ ìkómọ."

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí Ẹkùn kò jẹ́ kí ìyá náà lọ sè é fúnra rẹ̀?"

Ìwọ Bọ̀sẹ̀dé, bí o bá já lọ́wọ́ Ẹkùn, ṣé wàá padà?

"Háà! Rárá o!"

Ó dáa, jẹ́ kí n máa bá àlọ́ mi lọ.

Ẹkùn rán Odídẹrẹ́ níṣẹ́. Odídẹrẹ́ bà lé òrùlé, ó ké: "Àwẹ̀ró! Ẹkùn ti mú ìyá rẹ! Ó ní kí o se bàbá dúdú wá kí oòrùn tó wọ̀, bí kò bá dáa, á pa á jẹ! Ìyá rẹ ní kí o fi àgbọn kan àti ṣúgà ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sè é!"

Àyà Àwẹ̀ró já. Kò sè é rí. Kò sí òṣùwọ̀n kankan nílé, ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ fi ń bu ṣúgà. Bí ṣúgà bá kéré, kò ní dì. Bó bá pọ̀ jù, á máa ṣe bí iyanrìn lẹ́nu. Ṣúgà tó wà nílẹ̀ kò sì tó sè lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé ó kéré. Ó fi igbe bọ orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta,
*Ọwọ́ ta ni?*
Ìyá mi wà lọ́wọ́ Ẹkùn,
*Ọwọ́ ta ni?*
Oòrùn ń wọ̀ lọ,
*Ọwọ́ ta ni?*
Odídẹrẹ́, dákun sọ,
*Ọwọ́ ta ni?*

Odídẹrẹ́ kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n rán an lọ. "Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta! Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta!" ló ń wí ṣáá.

Ìnàkí gbọ́ orin, ó yọjú. "Ọwọ́ tèmi rèé, ọmọ dáadáa." Ọwọ́ náà tó àwo!

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó wo ògiri tí ìyá rẹ̀ fi amọ̀ rẹ́, ó rí ipa àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e ná." Ìnàkí gbé e lé e, ọwọ́ rẹ̀ bò ó pátá. Ọ̀bọ fò kalẹ̀ láti orí igi, ó gbé tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu wẹ́kú!

"Ọ̀bọ kẹ̀! Á lá ṣúgà náà tán!"

Àwẹ̀ró gbọ́n jù ọ́ lọ, Bọ̀sẹ̀dé. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀já di Ọ̀bọ lẹ́nu.

Ọ̀bọ bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwẹ̀ró ń rò ó lórí iná, ó ń wo oòrùn. Ó ń rò ó, ó ń sunkún, títí ó fi dúdú, tó sì ki. Ó yí i róbóróbó, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Ẹkùn kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹkùn jẹ ọ̀kan. Ó jẹ ìkejì. Ló bá bú ramúramù: "Ọwọ́ ìyá yẹn gan-an lèyí! Ta ló tú u sílẹ̀?"

Ẹkùn àti Àwẹ̀ró sáré lọ wò ó, ìyá ṣì wà nínú okùn tí wọ́n fi dè é. Ojú ti Ẹkùn. Ó ní, "Ẹ tú u."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá kò jókòó, kò mu omi. Ó yá ṣúgà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, ó ń fi bù ú sínú igbá: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó wo inú igbá, ó bú sẹ́kún.

"Má bínú, ọmọ mi. Tèmi ni mẹ́ta. Tìrẹ, mẹ́rin ni."

Ẹ rí i, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọwọ́ ọmọ náà ni kó fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tí àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá purọ́, kí ṣúgà korò lẹ́nu mi. Bí n kò bá purọ́, kí ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó! Pó! Pó!