Ìlẹ̀kùn Láṣebìkan

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ogun inú rẹ̀ kò ní idà, kò ní ọfà? Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyá mi nìyí.

Ní Òkè-Iko, ẹní ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọba. Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn emèsè, ìránṣẹ́ ọba, máa ń wá gbà á. Bí wọ́n bá ti yọ lókèèrè, àwọn ọkùnrin á ní, “Ogun dé,” wọn á sì sá wọ oko. Láṣebìkan nìkan ni wọ́n máa ń bá nílé, nítorí arọ ni.

Lọ́dún kan, nígbà iṣu tuntun, ọba kéde pé ìlẹ̀kùn ẹni tí kò bá san ni òun yóò yọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Láṣebìkan kò rẹ́rìn-ín. Inú ọyẹ́ ni Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ yóò bímọ, ta ló sì ń tọ́ ọmọ tuntun nínú ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn? Lọ́jọ́ kejì, ó kó iko tí wọ́n fi ń hun ẹní jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún.

Bámgbádé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. “Láṣe, ọyẹ́ kò tíì dé, o ti ń tẹ́ ibùsùn. Ta ló fẹ́ sùn sórí gbogbo èyí?”

“Ìwọ ní ẹsẹ̀, èmi ní ọwọ́,” ni Láṣebìkan fèsì. “Kálukú kó lo tiẹ̀.”

Ọyẹ́ dé, Àyọ̀ká bí ọmọbìnrin, àwọn emèsè náà sì dé. Àwọn ọkùnrin sá lọ. Láṣebìkan kó ẹní rẹ̀ fún wọn, wọ́n fi osùn sàmì sára ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọjá.

Nígbà tí àwọn tó sá padà dé, àwọn emèsè ti yọ ìlẹ̀kùn wọn lọ, ewúrẹ́ ń wọlé, ewúrẹ́ ń jáde. Adìyẹ ti yé ẹyin sórí ibùsùn Bámgbádé. Ó sáré mú iko kó hun ẹní, ṣùgbọ́n iko kì í ṣeé hun nínú ọyẹ́: bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń dá. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, ó kan ìlẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ogun yìí ti pa yín ni?” ni Láṣebìkan béèrè.

“Àwa ẹlẹ́sẹ̀ ló pa. Ogun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀, ó pa wá, kò pa arọ.”

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí Àyọ̀ká tẹ́ ẹní tó ṣẹ́kù fún wọn. “Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ti ìlẹ̀kùn o, ọmọ ń sùn.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, tí kò sì múra. Bí àsìkò owó orí bá ti ń sún mọ́lé báyìí, tí ẹnì kan ń sọ pé ó ṣì kù, ìyá ìyá mi kì í bá a jiyàn. Wọn á kàn bi í léèrè pé, “Iko rẹ dà?”