Eérú tí Jagun Fọ́n Yí Ilé Ẹṣin Ká

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìfura ṣe ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé, kí ó gbọ́ ìtàn Oyèdìjí, Jagun ìlú Ìdí-Arère, àti Àwẹ̀ró ìyálé rẹ̀. Ọba ló fún Jagun ní ẹṣin nígbà tí ó fi í joyè, ṣùgbọ́n ẹṣin náà kò pẹ́ kú. Ilẹ̀ ilé ẹṣin ló pa á. Ìtọ̀ àti omi òjò ti sọ ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, pátákò ẹran náà jẹrà, ó wó lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Gbogbo ẹni tó lójú ló rí i. Jagun ní tirẹ̀ kò wo ilẹ̀, ojú ènìyàn ló ń wò. Ó rántí pé ẹṣin náà ti jẹ ọkà bàbà Àwẹ̀ró nígbà kan, Àwẹ̀ró sì ṣépè fún un. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ ìyálé rẹ̀ mọ́ àfi bí obìnrin náà bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọba ránṣẹ́ pé ẹṣin mìíràn ń bọ̀, ìlàrí òun ni yóò sì fà á wá. Bí èyí náà bá kú, kí Jagun kó ìlẹ̀kẹ̀ oyè wá sí ààfin. Jagun pe Àwẹ̀ró.

“Ṣé o gbọ́? Bí ohunkóhun bá ṣe ẹṣin yìí, ilé bàbá rẹ lò ń lọ.”

“Olówó orí mi, ilẹ̀ ni ká tún ṣe,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ jẹ́ kí àwa obìnrin ilé lù ú. A ó lu yangí mọ́lẹ̀, a ó fi bótò, ìgbẹ́ màlúù, ra á, a ó wá se èèpo irúgbá títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú. Omi yẹn la ó máa dà sí i, tí a ó máa jẹ́ kó gbẹ, tí a ó tún máa dà á. Ẹṣin á jó lórí rẹ̀, kò ní sán.”

“Yóò ha tètè gbẹ bí?”

“Yóò pẹ́ díẹ̀. Ohun tó máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ a máa pẹ́ lọ́wọ́.”

Jagun wò ó títí. Omi dúdú wo ni obìnrin yìí fẹ́ dà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ọba? Ó ní kí ó máa lọ, òun á rò ó. Kò rò ó rárá.

Ọjà ni ó ti pàdé àlejò kan tó ń jẹ́ Ìgè. Ìgè mú èkúfọ́ ìkòkò kan dání tí wọ́n fi amọ̀ pa lójú, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Jagun fi rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe máa ń pa ilẹ̀ ilé ẹṣin àwọn ọba ìsàlẹ̀ odò nìyẹn, pé iṣẹ́ òwúrọ̀ ni, nígbà tí oòrùn bá fi máa wọ̀, ó ti gbẹ. Ohun kan ṣoṣo ni èèwọ̀ ibẹ̀: obìnrin kò gbọdọ̀ wò ó. Bí Jagun ṣe gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ibi tí oníṣẹ́ bá ti ní kí n má wòran ni mo ti ń dì mọ́ àpò mi, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹṣin máa dé, Ìgè fi ẹní bo iwájú ilé ẹṣin, nítorí ibẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó pa ilẹ̀, ó sì fi amọ̀ kan náà mọ ògiri kúkúrú sí ẹnu ọ̀nà. Àwẹ̀ró jókòó síbi ìdáná, ó ń tẹ́tí. Ó ń gbọ́ ìró òkúta ọta tí ọkùnrin náà fi ń dán ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń gbọ́ “tú! tú!” Ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

“Jagun, ilá tútù ni ọkùnrin yẹn ń jẹ láti àárọ̀. Mo rí i nínú àpò rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń tu itọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi dán ilẹ̀. Ta ní í jẹ ilá tútù lásán?”

“Ta ló ní kí o tẹ́tí sí i?” Jagun gbaná jẹ. “O fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí o ṣe pa ẹṣin àkọ́kọ́!”

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Ó padà síbi ìdáná, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìlàrí fa ẹṣin dé. Ilẹ̀ ń dán gbinrin. Ìlàrí yìn ín, Jagun yọ̀, Ìgè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwọn kan ń retí òun ní ìlú kejì, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Jagun kò fura sí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló fura sí. Ó bu eérú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n ọn yí ilé ẹṣin ká.

“Àwẹ̀ró, bí mo bá rí ipa ẹsẹ̀ kan nínú eérú yìí lọ́la, má wulẹ̀ dúró kí n lé ọ. Ẹrù rẹ ni kí o di.”

“Ẹ fọ́n ọn dáadáa,” ni Àwẹ̀ró dáhùn. “Ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀.”

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, tí ìrì máa ń sẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbọ́ igbe ẹṣin. Jagun àti ìlàrí tó sùn mọ́jú nílé rẹ̀ sáré jáde. Ilẹ̀ tó ń dán lánàá ti di ẹrọ̀fọ̀ tó ń yọ̀, ẹṣin rì dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó ti fara ti ògiri kúkúrú náà, ògiri sì ti wó.

“Àwẹ̀ró!” Jagun ké. “O ti pa mí! Ta lo rán láti da omi síbí?”

Ìlàrí di apá rẹ̀ mú. “Jagun, ẹ wo eérú yín.”

Jagun wò ó. Kò sí ipa ènìyàn, kò sí ti ewúrẹ́, kò tilẹ̀ sí ti adìẹ. Ojú ìrì nìkan ló wà nínú rẹ̀, wínníwínní, láti etí kan dé èkejì.

Àwẹ̀ró jáde, ó dúró ní ẹ̀yìn eérú, kò tẹ̀ ẹ́. Ó na ọwọ́ sí ògiri tó wó, ó fi ìka mú nínú amọ̀ náà, ó sì fà á sókè. Amọ̀ náà ń fà tẹ̀lé ìka rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. “Itọ́ ilá tí Ìgè ń tu sílẹ̀ lánàá nìyí,” ni ó wí. Ìlàrí bú sẹ́rìn-ín.

“Itọ́ ni wọ́n fi mọ ilé fún ẹṣin ọba!”

Ojú ti Jagun. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. “Àwẹ̀ró, mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣé kí n pe àwọn obìnrin wá lu ilẹ̀?”

“A ó lù ú,” ni Àwẹ̀ró wí, “ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbá eérú yín.”

Níṣojú ìlàrí àti gbogbo ilé, Jagun mú ìgbálẹ̀, ó tẹ̀ba, ó sì gbá a títí kò fi kù. Ìlàrí fa ẹṣin padà sí ààfin títí ilẹ̀ tuntun yóò fi gbẹ, ó sì ròyìn ohun tó rí fún ọba. Ẹnu ààfin ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọjà, àwọn àgbà sì gbé e lọ́wọ́ títí di òní: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.