Ọ̀bẹ Tó Wà Lábẹ́ Ẹja

Àwọn ará etí òkun máa ń wí pé: "Ẹni tí yóò so ọkọ̀ mọ́ àpáta, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀bẹ wà." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a rẹ́rìn-ín. Okùn la fi ń so ọkọ̀. Kí ni ti ọ̀bẹ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọmọtẹ́hìnwá, apẹja kan nílẹ̀ Ìlàjẹ, pẹ́ nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bàbá Ògúngbèjé ló ń bá ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ bàbá yìí, ọ̀bẹ kan máa ń wà nínú àkọ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìdákọ̀ró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gé nǹkan kan. Nígbà tí Ọmọtẹ́hìnwá fi bó iṣu jẹ lọ́jọ́ kan, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀, kò sì fún un ní ẹja lọ sílé. Ọmọtẹ́hìnwá kò gbàgbé. Ebi alẹ́ ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀ bí òjé. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá ní ọkọ̀ tòun, ọ̀bẹ yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ.

Ọjọ́ náà dé. Owó ẹja tí Mọyọ̀sọ́rẹ ìyàwó rẹ̀ ń fi èéfín yan tà ló di ọkọ̀ náà. Ojú obìnrin náà sì ti pọ́n kọjá ohun tí oorun lè wò sàn. Ọkọ̀ yìí ni ilé wọn, òun ni oko wọn. Ọmọtẹ́hìnwá kò fẹ́ fi í da àwọ̀n létí bèbè. Ẹja ńlá ẹlẹ́nu gbàgà tó ń gbé inú ihò àpáta ló ń wá, níbi tí èèyàn kì í ti í rí igi àgbọn ilé mọ́. Jẹ́gẹ́dẹ́, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló bá a lọ.

Mọyọ̀sọ́rẹ sìn wọ́n dé etí omi. "Bàbá Tọ́ba, ẹ rántí o, ọkọ̀ yìí kò ní àbúrò."

Jẹ́gẹ́dẹ́ dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo jẹ́ àbúrò yín ńkọ́?"

"Ìwọ? Irú ẹ ṣì pọ̀ nílé."

Wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi pòórá. Ọmọtẹ́hìnwá ń sọ òjé tó so mọ́ okùn sísàlẹ̀, ó ń fi ìka gbọ́ irú ilẹ̀ tó kàn. Lórí ẹrẹ̀, òjé a rọra sùn. Nígbà tó yá, ó kan nǹkan: kó! Àpáta. Wọ́n ju ìdákọ̀ró, ó di ilẹ̀ mú. Ọmọtẹ́hìnwá yọ ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ṣàwá fún ìjẹ ẹnu ìwọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní dá a padà síwájú ọkọ̀?"

"Ọ̀bẹ tí kò gé ẹja, ṣé irùngbọ̀n òkun ló fẹ́ fá?" Ó jù ú sínú kòtò ẹja láàárín ọkọ̀.

Ẹja àkọ́kọ́ fà á débi tí okùn ìwọ̀ fi ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wọ́ ọ gòkè kó tó ráyè padà sínú ihò, ó sọ ọ́ sínú kòtò. Òmíràn tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Wọn kò wo ojú ọ̀run àfi ìgbà tí afẹ́fẹ́ tutù gbá wọn lẹ́yìn ọrùn. Gúúsù ti dúdú.

Wọ́n fa ìdákọ̀ró. Kò mì. Ó ti há sínú àpáta. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kí ó lè fà á yọ; iwájú ọkọ̀ ló tẹ̀ wọ omi. Ìgbì ń ga, okùn kò jẹ́ kí ọkọ̀ gòkè bá a, omi sì ń wọlé. Ọmọtẹ́hìnwá pa ẹ́ńjìnnì, ó dì mọ́ kókó okùn náà, ó fi eyín fà á. Kókó ti le bí irin.

"Ọ̀bẹ dà?" ni Jẹ́gẹ́dẹ́ ké.

Àwọn méjèèjì wo kòtò ẹja. Ó ti kún dé ẹnu.

Ọmọtẹ́hìnwá ki ọwọ́ sáàárín ẹja, lẹ́bẹ́ wọn ń gún un. Jẹ́gẹ́dẹ́ ń gbọ́n omi. "Ẹ dà wọ́n nù, ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹja tí mo fi—"

"Ẹ dà wọ́n nù!"

Ìgbì kan gba orí wọn kọjá. Omi dé orúnkún. Nígbà náà ni ohùn Mọyọ̀sọ́rẹ sọ sí i lọ́kàn: ọkọ̀ yìí kò ní àbúrò. Ó gbá ẹja mọ́ra, ó jù ú sómi. Ó tún gbé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọkàn rẹ̀ ń bá wọn lọ. Èyí tó kọ́kọ́ pa, tó tóbi jù, ló sùn lé ọ̀bẹ lórí. Ó tì í dànù, ó fi ọwọ́ gbá ojú ọ̀bẹ mú, kò dúró wo ẹ̀jẹ̀. Ó rákò lọ síwájú, ó sì gé okùn náà. Okùn ró bí pàṣán. Iwájú ọkọ̀ fò sókè, ó gun orí ìgbì.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Mọyọ̀sọ́rẹ wo kòtò òfìfo, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹja dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Obìnrin náà gbá ọwọ́ náà mú. Ó ya etí ìró rẹ̀, ó fi di ọgbẹ́ náà. Kí ìgbì tó rọ̀, Ọmọtẹ́hìnwá ti rán àkọ̀ awọ kan, ó sì kàn án mọ́ iwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn.

Lẹ́yìn náà, Jẹ́gẹ́dẹ́ wá sọ fún un pé òun fẹ́ bá ọkùnrin kan da òwò pọ̀. Ọmọtẹ́hìnwá kò ní kó lọ, kò ní kó má lọ. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àpá ọ̀bẹ náà hàn láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Àbúrò, ẹni tí yóò so ọkọ̀ mọ́ àpáta, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀bẹ wà."